Ẹ̀tọ́ olùkọ́ nílé-ìwé aládàáni: Ohun tó yẹ kí onílé-ìwé n'Ifẹ̀ kọ sílẹ̀ kó tó di wàhálà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn máa ń sọ nípa iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n ní ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́ láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n lóde òní, olùkọ́ tó ń san owó ilé ní Parakin, tó ń wọ ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ ní Lágeré, tó sì ń ra gààrí lọ́jà bíi gbogbo èèyàn, ayé níbí ló ti fẹ́ gba èrè tirẹ̀, òpin oṣù ló sì fẹ́ gbà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìjọba nìkan mọ́. Ṣàṣà ni àdúgbò téèyàn máa dé n'Ilé-Ifẹ̀ tí kò ní í rí pátákó ilé-ìwé aládàáni níbẹ̀. Kì í sì ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀, nítorí Ọọ̀ni Adesoji Aderemi ló dá Odùduwà College sílẹ̀ lọ́dún 1932 kó tó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ìwé tó wà nígboro báyìí kì í ṣe ti ọba tàbí ti ìjọ. Yàrá méjì tàbí mẹ́ta ni ẹni tó ni ín fi bẹ̀rẹ̀, owó ara rẹ̀ tàbí owó tó yá lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló sì fi kọ́ èyí tó kù. Oníṣòwò kékeré ni, bó ṣe jẹ́ pé oníṣòwò kékeré lẹni tó ní ilé búrẹ́dì tàbí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ohun tó ń tà ni ẹ̀kọ́, ọwọ́ olùkọ́ ni ọjà náà sì wà.

Ibi tí nǹkan ti ń dojú rú ni pé ọ̀pọ̀ onílé-ìwé máa ń kọ àdéhùn pẹ̀lú lándílọ́ọ̀dù, wọ́n máa ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó ta àga fún wọn, ṣùgbọ́n tó bá kan olùkọ́, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. "Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè" ni gbogbo lẹ́tà tí olùkọ́ rí gbà. Ọjọ́ tí ìjà bá dé ni kálukú yóò wá máa sọ ohun tó rò pé àwọn jọ fẹnu kò lé lórí.

Olùkọ́ mẹ́ta nínú ìlú kan

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká wo irú olùkọ́ mẹ́ta tó wà n'Ifẹ̀, ká sì wo ohun tó di iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn mú.

Èkíní ni olùkọ́ yunifásítì. Òfin ló dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1961, òun náà ni wọ́n sọ lórúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ́dún 1987. Nítorí pé òfin ló dá irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, òfin ló tún sọ bí wọ́n ṣe lè dá olùkọ́ rẹ̀ dúró. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ́ lọ́dún 1985, nínú ẹjọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláníyan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe Yunifásítì Èkó, pé wọn ò lè lé irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí ìgbà téèyàn lé ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ lé ìlànà inú òfin.

Ẹjọ́ tó tún fi èyí hàn kedere ni ti Yunifásítì Ìlọrin. Lọ́dún 2001, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ ASUU, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ dá olùkọ́ 49 dúró. Àwọn olùkọ́ náà gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi rìn ín láti ilé-ẹjọ́ kan dé òmíràn, kí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá wọn láre lọ́dún 2009 pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ tán nílẹ̀, kó rántí ẹjọ́ yìí.

Èkejì ni olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba. Òun náà ní òfin iṣẹ́ ọba lẹ́yìn, ó ní owó ìfẹ̀yìntì, ó sì ní ẹgbẹ́ NUT tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1931. Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ tún ṣe òfin tó sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ síwájú di ọmọ ọdún 65 tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, yàtọ̀ sí ọmọ ọgọ́ta ọdún tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni. Òun kò ní òfin iṣẹ́ ọba, kò ní òfin yunifásítì, ọ̀pọ̀ wọn ò sì sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Lójú òfin, ọ̀rọ̀ òun àti onílé-ìwé dà bíi ti ọ̀gá àti ọmọṣẹ́. Ọ̀gá lè ní òun ò fẹ́ mọ́, ọmọṣẹ́ náà lè ní òun ń lọ, tí kálukú bá ti fún ẹnì kejì ní nótíìsì tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, tàbí tó san owó dípò rẹ̀. Tí ọ̀gá bá lé e láìsí nótíìsì, owó àkókò nótíìsì yẹn ni ilé-ẹjọ́ sábà máa ń ní kí wọ́n san fún un. Ìtumọ̀ èyí ni pé gbogbo ààbò tí olùkọ́ yìí ní, inú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ ló wà. Tí lẹ́tà ò bá sí, kò sí ẹni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí, àti olùkọ́ àti onílé-ìwé.

Iṣẹ́ tó dájú, owó tí kò dájú

Kẹ́nikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ ìjọba ló ti parí gbogbo ìṣòro o. Iṣẹ́ lè dájú kí owó má dájú. Láti ọdún 2015 títí di ọdún 2018, nígbà ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ Ọ̀ṣun, tó fi mọ́ àwọn olùkọ́, kì í pé. Àwọn tó wà ní ìpele keje sísàlẹ̀ ń gba owó wọn pé, àwọn ìpele kẹjọ sí ìkẹwàá ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àwọn tó wà ní ìpele kejìlá sókè sì ń gba ìlàjì. Kò sẹ́ni tó lé wọn lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ tó ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ gan-an ni owó wọn dínkù jù.

Bákan náà lọ́rọ̀ rí ní yunifásítì. Láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022, ASUU wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, ìjọba sì ní ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò ní í gba owó. Ọdún 2023 ni Ààrẹ Bola Tinubu tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n san oṣù mẹ́rin nínú owó náà. Ẹni tó bá ń ta oúnjẹ, tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì tàbí tó ń yá èèyàn ní ilé ní àyíká ọgbà OAU kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un ohun tí oṣù mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ọjà.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún onílé-ìwé aládàáni ni pé kò lè fún olùkọ́ rẹ̀ ní irú ààbò òfin tí olùkọ́ ìjọba ní. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó lè ṣe tí ìjọba kì í sábà ṣe, ìyẹn ni pé kó dá ọjọ́ owó, kó sì san án lọ́jọ́ náà, kó pé. Olùkọ́ tó bá mọ̀ pé ọjọ́ 28 ni owó òun ń wọlé, tó sì ní i nínú ìwé, kò ní í tètè máa wá iṣẹ́ mìíràn kiri.

Ohun tó yẹ kó wà nínú lẹ́tà

Òfin òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí sọ pé kí agbanisíṣẹ́ tó pé oṣù mẹ́ta pẹ̀lú òṣìṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, iye owó rẹ̀, ìgbà tí wọ́n máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi àti nótíìsì. Ẹ kíyè sí i pé àwọn bíi ọlọ́dẹ, awakọ̀, olóúnjẹ àti àwọn tó ń gbálẹ̀ ni òfin yìí dìídì wà fún. Ó yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn fi lè wáyé bóyá ó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́. Dípò kí ìyẹn jẹ́ àwáwí fún onílé-ìwé láti má kọ lẹ́tà, ńṣe ló yẹ kó tètè kọ ọ́, nítorí níbi tí òfin kò bá ti sọ̀rọ̀, ìwé àdéhùn ni adájọ́ máa wò.

Ohun àkọ́kọ́ ni àkókò ìdánwò. Ẹ kọ iye oṣù tó jẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá parí. Olùkọ́ tó ti ṣe ọdún mẹ́ta tí wọ́n ṣì ń pè é ní ẹni tí wọ́n ń dán wò, ẹjọ́ ló ń dúró de ẹni tó gbà á síṣẹ́.

Èkejì ni nótíìsì. Òfin òṣìṣẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ fún ẹni tó ti lé ní oṣù mẹ́ta àmọ́ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti ṣe ọdún méjì àmọ́ tí kò tíì pé márùn-ún, àti oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé-ìwé yàtọ̀. Tí olùkọ́ bá fi ọ̀sẹ̀ kan péré kúrò nígbà tí ìdánwò ń bọ̀ lọ́nà, ta ló máa parí síléèbọ́ọ̀sì? Ohun tó bá a mu ni kí wọ́n fi nótíìsì sí oṣù kan tàbí táàmù kan, kí ó sì jẹ́ ọgbọọgba. Iye tí olùkọ́ máa fún ilé-ìwé ni ilé-ìwé náà máa fún olùkọ́. Níbi tí onílé-ìwé bá ti kọ oṣù mẹ́ta fún olùkọ́ tó sì kọ ọ̀sẹ̀ kan fún ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i tí kò ní í mọ̀ pé ìrẹ́jẹ ni.

Ẹ̀kẹta ni owó ìsinmi, èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Àwọn ilé-ìwé kan kì í san owó oṣù kẹjọ, àwọn mìíràn ń san ìlàjì. Àlàyé tí onílé-ìwé sábà máa ń ṣe ni pé òbí kì í san owó ilé-ìwé nígbà ìsinmi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ olùkọ́ náà kò bá tíì parí, tí wọ́n sì ń retí rẹ̀ padà lóṣù kẹsàn-án, ó máa ṣòro láti sọ pé kò sí owó, àyàfi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú àdéhùn tẹ́lẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí onílé-ìwé ṣírò owó ọdún kan, kó pín in sí ọ̀nà méjìlá, kí olùkọ́ lè máa gba iye kan náà lóṣooṣù, ìsinmi tàbí iṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni ìsinmi ọlọ́mọ. Obìnrin pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá ìdíwọ̀n tó wà nínú òfin òṣìṣẹ́ ni ọ̀sẹ̀ méjìlá, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú owó tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlàjì owó oṣù fún ẹni tó ti ṣe oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá sì padà dé, ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Onílé-ìwé tó bá fẹ́ yẹra fún wàhálà, kó kọ èyí tàbí èyí tó sàn jù ú lọ sílẹ̀.

Owó tó yẹ kó kúrò lápò agbanisíṣẹ́

Yàtọ̀ sí owó oṣù, àwọn nǹkan mẹ́ta kan wà tí òfin béèrè.

Àkọ́kọ́ ni owó ìfẹ̀yìntì. Òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 sọ pé ibi iṣẹ́ aládàáni tó bá ti ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ wà nínú ètò náà. Agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, òṣìṣẹ́ máa dá ìdá mẹ́jọ. Orúkọ òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣí àkáǹtì náà, ibikíbi tó bá sì lọ ló ń bá a lọ. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù ni owó náà gbọ́dọ̀ ti dé ibi tó ń lọ, owó ìtanràn sì wà fún ẹni tó bá fà á. Ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 15, ètò kan wà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2019 fún àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ ara wọn àti àwọn ibi iṣẹ́ kéékèèké, tí olùkọ́ lè máa fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́ sí.

Èkejì ni owó ìdáàbòbò òṣìṣẹ́. Lábẹ́ òfin ọdún 2010, agbanisíṣẹ́ máa ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù fún àjọ NSITF. Bí olùkọ́ bá ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé-ìwé tó sì kán lẹ́sẹ̀, àjọ yìí ló máa bá a gbé e. Tí onílé-ìwé kò bá san án, ọrùn rẹ̀ ni gbogbo ẹrù náà lè já sí.

Ẹ̀kẹta ni owó oṣù tó kéré jù lọ. Oṣù keje ọdún 2024 ni wọ́n gbé e láti ₦30,000 lọ sí ₦70,000, ìjọba Ọ̀ṣun sì fi tiẹ̀ sí ₦75,000. Òfin ọdún 2019 yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé kì í ṣe olùkọ́ nìkan ni wọ́n ń kà o. Ọlọ́dẹ, awakọ̀, akọ̀wé àti olóúnjẹ wà níbẹ̀. Ilé-ìwé tó ní olùkọ́ 18 lè ti kọjá 25 láìmọ̀.

Níbo lowó máa ti wá?

Ìbéèrè tí gbogbo onílé-ìwé máa béèrè nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé-ìwé kan ní òṣìṣẹ́ 16, tí kálukú ń gba ₦40,000. Àpapọ̀ owó oṣù jẹ́ ₦640,000. Ìdá mẹ́wàá fún pẹ́ńṣàn jẹ́ ₦64,000, ìdá kan fún NSITF jẹ́ ₦6,400. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦70,400 lóṣù.

Tí a bá pín ọdún sí táàmù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin ló wà nínú táàmù kọ̀ọ̀kan tí a bá ka ìsinmi mọ́ ọn. ₦70,400 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ ₦281,600. Tí ilé-ìwé náà bá ní ọmọ 160, ₦1,760 ló kan ọmọ kan ní táàmù kan. Iye owó yìí ló wà láàárín ilé-ìwé tó ń tẹ̀ lé òfin àti èyí tó ń sá fún un. Kì í ṣe owó tí kò nípọn, pàápàá fún òbí tó ní ọmọ mẹ́ta nílé-ìwé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣàlàyé rẹ̀ fún òbí nígbà ìpàdé, pé òun ló máa jẹ́ kí olùkọ́ ọmọ wọn dúró, ọ̀pọ̀ òbí ló máa gbọ́.

Ẹ fi wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí olùkọ́ bá lọ láàárín táàmù. Wọ́n á pín kíláàsì rẹ̀ fún ẹlòmíràn, iṣẹ́ á wọ ẹni yẹn lọ́rùn, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn, òbí á sì mú ọmọ lọ sílé-ìwé kejì tó wà lójú títì kan náà. Kí ọmọ márùn-ún tó kúrò, owó táàmù márùn-ún ti lọ nìyẹn.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó ń ba àárín jẹ́

Ilé-ìwé kan wà tó jẹ́ pé ojúlówó ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ni wọ́n máa ń gbà pamọ́ kó má baà sá lọ. Èyí kò dára. Fọ́tòkọ́pì ti tó, kí wọ́n wo ojúlówó, kí wọ́n sì dá a padà lójú ẹsẹ̀. Nótíìsì ló ń dá olùkọ́ dúró, kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ yíyọ owó lára owó oṣù náà ń kọ́? Olùkọ́ pẹ́ dé, wọ́n yọ ₦500. Ọmọ fọ́ gíláàsì, wọ́n yọ ọ́ lára olùkọ́. Òfin òṣìṣẹ́ kò fàyè gba kí agbanisíṣẹ́ kàn máa yọ owó bó ṣe wù ú. Tí ìyà kan bá wà fún ìwà kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ kìlọ̀, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu olùkọ́ kí wọ́n tó ṣe ìpinnu.

Olùkọ́ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Òfin ọdún 1993 tó dá àjọ TRCN sílẹ̀ béèrè pé kí olùkọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kò sì sí ohun tó burú kí onílé-ìwé béèrè nọ́ńbà rẹ̀ kó tó gbà á. Olùkọ́ tó bá jí lọ láìfún ilé-ìwé ní nótíìsì náà ti rú àdéhùn, ilé-ìwé lè béèrè owó nótíìsì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ìyànjú, láti ìgbà àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè lọ́dún 2010, National Industrial Court ni ilé-ẹjọ́ gíga tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ó sì ní ẹ̀ka n'Íbàdàn àti l'Ákùúrẹ́. Ṣùgbọ́n àárín ìlú kan náà ni onílé-ìwé àti olùkọ́ ń gbé, ilé ìjọsìn kan náà ni wọ́n lè máa lọ, a kì í sì ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí onílé-ìwé tí kò tíì ṣe é lo ìsinmi tó ń bọ̀ láti pe àwọn olùkọ́ rẹ̀ jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó kọ orúkọ, ọjọ́ tí wọ́n wọṣẹ́, iye owó, ọjọ́ owó, nótíìsì, ìsinmi àti owó ìfẹ̀yìntì sójú ìwé kan tàbí méjì. Kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà kan lọ sílé. Ẹni tó bá ní lọ́yà lè fi hàn án, ẹgbẹ́ NAPPS, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé-ìwé aládàáni, náà sì jẹ́ ibi téèyàn ti lè bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ tiwọn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni, owó rẹ̀ kò ju ti bébà àti fọ́tòkọ́pì lọ.